Ohun Tí Ìdákẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo jókòó lórí páálí bébà nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mò ń wo àṣìṣe kan tí mo ti ń wò láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìlà pupa méjì péré ni. Kò sí ohun tí mo mọ̀ tí mi ò tíì dán wò, àfi ẹyọ kan: mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó lè dá mi lóhùn wà níbẹ̀, wọ́n ṣí yàrá ìbéèrè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kọ ìbéèrè mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo pa á rẹ́.

Ẹnìkan wà ní Bàrígà tàbí Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀ tó ń pa ìbéèrè tirẹ̀ rẹ́ lálẹ́ òní. Torí ẹni yẹn ni mo ṣe ń kọ ìtàn bí mo ṣe wọ Outreachy, íńtánṣíìpù kan tí èèyàn ń ṣe láti ilé, tí wọ́n sì ń sanwó fúnni.

Mo parí OND nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 2021. Ẹni tó bá lọ sí pólì mọ̀ pé lẹ́yìn OND, ọdún kan gbáko la fi ń ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ká tó padà lọ ṣe HND. Ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù Èkó ló gbà mí. Ní ìdájí màá wọ dáńfó ní Onípànù, a ó gba orí Third Mainland lọ sí Ọbáléndé, màá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Wọn kì í san kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ gan-an, èmi ni mò ń wá a. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra oúnjẹ, kí n máa ṣe fọ́tòkópì, kí n máa gbé fáìlì láti àjà kan dé òmíràn. Lọ́jọ́ tí mo kó ara mi jọ lọ bá àwọn tó ń kọ kóòdù, ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "OND? Wàá ṣì lọ kàwé sí i ná." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo padà sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkópì. Oṣù mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀. Mi ò kọ ìlà kóòdù kan, mi ò sì tún béèrè mọ́.

Mi ò dá wọn láre. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn, mo máa ń rí ìdákẹ́ tèmi náà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn, pàápàá àwa ọmọbìnrin: ọmọ tó bá ń bi àgbà ní ìbéèrè léraléra, wọ́n á ní ó ń yájú. Títí a ó fi dàgbà, a ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń la ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí ìyá mi ti ń di ìwé. Ẹni tó bá ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí àlímánáàkì rí ní Èkó mọ Ṣómólú: ibẹ̀ ni ẹ̀rọ Kord ti ń ró láti àárọ̀ dalẹ́, tí òórùn íǹkì wà lára aṣọ gbogbo ènìyàn. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣàkíyèsí pé ojú mi máa ń tètè rí àṣìṣe. "Ìwọ, wá bá mi wo prúùfù yìí kó tó gun orí ẹ̀rọ," ni wọ́n máa ń wí. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ka prúùfù nìyẹn. Mi ò kà á mọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá.

Ní àárín ọdún 2022, ọkùnrin kan gbé ìkéde sórí WhatsApp pé òun ń mú èèyàn wọ íńtánṣíìpù òkè òkun, èyí téèyàn lè ṣe láti ilé. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 15,000 náírà. Mo san án. Lọ́jọ́ kejì ó ti bílọ́ọ̀kì mi. Owó náà dùn mí, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló burú jù: mo dákẹ́. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mi ò sọ fún àwọn tá a jọ ṣe OND, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò gbọ́n. Oṣù kan lẹ́yìn náà, méjì nínú wọn san owó fún ọkùnrin yẹn kan náà. Ọ̀kan nínú wọn, owó èlé ló yá. Nígbà tó wá ń sunkún fún mi, mi ò lè wò ó lójú.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti sanwó rẹ̀: íńtánṣíìpù tó dájú kì í ta fọ́ọ̀mù. Èyí tí mo padà ṣe, Outreachy, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn ló sanwó fún mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bá pàdé ní Yábàá, níbi tí àwọn obìnrin tó ń kọ kóòdù ti ń pàdé, ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ sí mi létí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wọ̀ mí lára. Lọ́dún 2006, èèyàn 181 ló kọ̀wé sí GNOME, àwọn tó ń ṣe sọfítíwíà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux ń lò, pé àwọn fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ Google Summer of Code, ètò tí Google fi ń sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ kóòdù. Kò sí obìnrin kankan nínú wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nìkan. Lọ́dún 2015 ó bọ́ sábẹ́ Software Freedom Conservancy, wọ́n sọ ọ́ ní Outreachy, wọ́n sì ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún oríṣiríṣi àwọn mìíràn tí wọn kì í sábà rí irú wọn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni, ọgbọ̀n wákàtí lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ jẹ́ 7,000 dọ́là. Wọn kì í ní kí o mú digírì wá. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo padà sókè, mo tún un kà.

Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀kíní kí 2022 tó parí, wọn kò mú mi. Èmi ni mo fà á. Wọ́n ní kí n sọ àwọn ìdènà tí èmi fúnra mi ti bá pàdé. Mo kọ gírámà ńláńlá nípa àwọn obìnrin Áfíríkà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, mo sì rò pé bí mo bá sọ pé yàrá kan ni èmi àti ìyá mi àti àbúrò mi méjì ń gbé, mò ń dójú ti ìyá mi lójú àjèjì ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 mo tún kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ nípa fọ́tòkópì. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń kọ kóòdù yẹn sọ fún mi ní ọ́fíìsì, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo sọ nípa kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a dá owó rà ní Computer Village, tí bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Mo kọ ọ́ tán, omi lé sí mi lójú. Mo kà á sétí ìyá mi ní Yorùbá, ẹ̀rù bà mí pé inú yóò bí wọn. Wọ́n ní, "Ṣé irọ́ ni? Fi ránṣẹ́."

(Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó wà ní yunifásítì. Wọ́n máa ń béèrè kàlẹ́ńdà ilé-ìwé yín, ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìsinmi, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àyè yóò wà. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2022 tó sì lo oṣù mẹ́jọ, kàlẹ́ńdà ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba dàrú. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí ìdánwò rẹ̀ máa bọ́ sí, wọn kò sì gbà á. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófo. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí ìyókù kò fi tíì dájú.)

Ẹni tí wọ́n bá gba ìwé rẹ̀ kò tíì wọlé o. Wọ́n á fún yín ní nǹkan bí oṣù kan kí ẹ mú iṣẹ́ àkànṣe kan, kí ẹ máa ṣe nǹkan kéékèèké níbẹ̀, kí àwọn tó ń darí rẹ̀ lè mọ ọwọ́ yín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń yan. Oṣù kẹta 2023 ni tiwa bọ́ sí, ẹ sì rántí bí Èkó ṣe rí nígbà náà. Owó tuntun kò sí, àwọn èèyàn ò gba owó àtijọ́, ogunlọ́gọ̀ ń tò síwájú báǹkì láti ìdájí, ẹni tó ní POS ń gba owó lórí owó. Ìbò gómìnà tún wà láàárín rẹ̀. Dátà kò nira, a lè fi tiransífà rà á. Ẹni tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì ni kò gbà, owó ọwọ́ ló fẹ́. Bàbá onítẹ̀wé ló ní kí n máa sun ṣọ́ọ̀bù, torí pé wọ́n ń tẹ ìwé ìpolongo ìbò lóru, iná sì wà. Ìyá mi tẹ́ aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo òru wọ̀nyẹn.

Ibi tí mo há sí ni ìgbésẹ̀ kẹrin nínú ìwé tó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe máa gbé sọfítíwíà náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin péré! Mi ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi dákẹ́ yẹn, àwọn iṣẹ́ kékeré mẹ́ta tí mo ti fi ojú sí, àwọn ẹlòmíràn ti mú wọn tán. Mò ń wo orúkọ wọn, mò ń rò ó pé ọpọlọ wọn ló pé ju tèmi lọ. Nígbà tó yá ni mo padà sẹ́yìn lọ ka ohun tí wọ́n kọ sínú yàrá náà. Ìgbésẹ̀ kẹrin yẹn ti dí méjì nínú wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti béèrè ní ọjọ́ kìíní.

Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá mi jí, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò sùn. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé é.

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò bi í?"

Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ kí àyà mi tó tún já. Kí aago méje tó lù, èsì ti dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Jámánì, ẹni tó padà di olùtọ́sọ́nà mi. Ó ní kì í ṣe èmi ni mo ṣi í ṣe, ìwé àwọn ni kò pé. Gbogbo wọn ń lo kọ̀ǹpútà tó lágbára, kò sí ẹni tó ti fi irú tèmi dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá béèrè bóyá mo lè bá wọn tún ojú ìwé náà kọ.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bọ́ sí ohun tí mo mọ̀. Mo gbé ìwé náà bí ìgbà tí mo bá gbé prúùfù: mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mi ò fo ìlà kankan, ibikíbi tí ẹni tuntun bá ti lè kọsẹ̀ mo sàmì sí i. Ibi mẹ́rìnlá ni mo rí. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, kò sí kóòdù kan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé kóòdù nìkan ni Outreachy. Iṣẹ́ ìwé wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọnà ojú ẹ̀rọ wà, títí kan ètò ìpàdé àwọn ẹgbẹ́. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ kí ẹ tó sọ pé kò sí tiyín níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn mo fi ìdajì wákàtí ṣe òdiwọ̀n. Bí nǹkan bá há mi ju ìdajì wákàtí lọ, màá kọ ọ́ síta: ohun tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí mo ti ṣe, ohun tí ojú mi rí. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà ni màá dà síbẹ̀ látòkè délẹ̀, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀, torí wọn kò lè wá ọ̀rọ̀ inú fọ́tò kiri. Gbangba ni màá sì kọ ọ́ sí. Ìbéèrè tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan ní kọ̀rọ̀, ẹni yẹn nìkan ló lè dáhùn, ó sì lè jẹ́ pé oorun ló ń sùn lọ́wọ́.

Mo ṣì padà ṣubú. Ìpàdé àwa àti àwọn tó ń darí iṣẹ́ náà máa ń jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Jámánì, aago mẹ́rin náà ni ní Èkó. Ní 26 oṣù kẹta, àwọn ará Yúróòpù sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Àwa kì í sún tiwa. Lọ́sẹ̀ yẹn mo wọ ìpàdé ní aago mẹ́rin, mo bá yàrá lófìfo. Wọ́n ti parí. Láti ìgbà náà, UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé tí wọn kì í sún, ni mo fi ń kọ gbogbo àkókò sílẹ̀. Èkó fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá.

Wọ́n mú mi. Mi ò ní fi ìyẹn gùn yín létí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìparí oṣù karùn-ún, ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà lítà kan lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bàbá onítẹ̀wé dín wákàtí jẹnẹrétọ̀ kù. Ọkọ̀ Ṣómólú sí Yábàá wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nẹ́pà kò mú iná wá fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì rí epo rà. Mo fi fóònù kọ̀wé sí olùtọ́sọ́nà mi pé ara mi kò yá.

Mo parọ́. Èmi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ohun tí kóòdù ń ṣe, mi ò lè sọ pé kò sí iná nílé wa. Ojú ń tì mí pé á rò pé ibi tí mo ti wá kò dára tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ó kọ̀wé padà pé kí n sinmi dáadáa, pé òun ń ronú nípa mi. Ìkíni yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́ kẹrin mo sọ òtítọ́ fún un, mo tọrọ àforíjì. Kò bínú. Ohun tó béèrè ni pé, wákàtí wo ni iná sábà máa ń wà? A jọ wo ó. Ó gbé ìpàdé wa kúrò ní fídíò, ó di ọ̀rọ̀ kíkọ tí olúkúlùkù lè dáhùn nígbà tó bá ráyè. Ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n lè sún ìparí iṣẹ́ síwájú fún ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí, bó bá tètè sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń dá ẹrù yẹn rù.

Lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ rọrùn díẹ̀. Mo máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo fi dátà òru, èyí tó dínwó, wa gbogbo ìwé tí mo máa nílò lójúmọ́ sílẹ̀. Git, ohun èlò tí a fi ń tọ́jú àyípadà inú iṣẹ́ wa, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè pa iṣẹ́ mọ́. Mo lè ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán, kí n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ mo ń kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ohun tó dí mi lọ́wọ́, ohun tó kàn. Bí iná bá ni ìdènà, màá kọ "iná".

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là kí wọ́n tó yàn yín, ẹ má dúró. Báǹkì tí mo lọ ní kí n mú ẹni méjì tó ní kọ́rẹ́ǹtì àkáǹtì wá ṣe onídùúró. Bàbá onítẹ̀wé jẹ́ ọ̀kan, ìkejì gba ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí i. Orúkọ mi lórí NIN kò tún bá ti BVN mu, wọ́n yí orúkọ àárín padà níbìkan. Ìyẹn nìkan gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí owó àkọ́kọ́ fi máa wọlé, wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ láàárín oṣù kẹfà, dọ́là tó jẹ́ bíi 470 ní báǹkì ti kọjá 700. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún mi kò yí, owó tí ìyá mi ń gbà lórí ìwé dídì ló ń kéré sí i lójú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè yọ̀ sí irú rẹ̀.

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń lajú sílẹ̀ lóru, tó ń fi òyìnbó bá fóònù sọ̀rọ̀, tí dọ́là ń wọlé fún, yàhúù ni. Mo fẹ́ dákẹ́ sí ìyẹn náà. Ìyá mi kò gbà. Wọ́n pe ìyá onílé wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ní kí n ṣí iṣẹ́ mi hàn wọ́n. Mo fi ojú ìwé tí mo tún kọ hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kẹrin fún wọn ní Yorùbá. Ìyá onílé bi mí bóyá ọmọ ọmọ àwọn tó wà ní Ìkòròdú lè ṣe irú rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, kò sí iṣẹ́ tó ń dúró dè mí. Oṣù méje ni mo fi kọ̀wé kiri kí n tó rí iṣẹ́ ìwé ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan láti ilé. HND mi ṣì wà níwájú.

Ní oṣù kẹta tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Bàrígà fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́. Ó wà nínú oṣù tí Outreachy fi ń dán èèyàn wò, bí èmi náà ṣe wà ọjọ́sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú." Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ní kó gbé e lọ sí yàrá gbangba.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí."

Mo ní mo mọ̀, mo ní màá jókòó tì í. Mo ṣí yàrá náà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì dúró. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, mo rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, àmì pé ó ń kọ nǹkan. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ìbéèrè náà jáde, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ àṣìṣe rẹ̀ látòkè délẹ̀.